Mo Jí Ohùn Mẹ̀síyè Akíndélé

Ohun tí mo gbé mì ní Kambolé ìlú wa lọ́dún tí a jókòó ṣe BEPC, ìdánwò àṣejáde kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò dà nínú mi títí di òní. Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bì í síta kí gbogbo ayé rí àwọ̀ rẹ̀. Èmi Àdìgún ni mo ń kọ ọ́, Àdìgún Ẹlẹ́nu-Rédíò, tí mo ń pe èrò ọkọ̀ ní gáréèjì Sokodé. Tí mo bá figbe ta pé Tchamba, Kambolé, ó ku ẹnì kan, àwọn òkú tí wọ́n ti sin sí Bago á gbọn erùpẹ̀ nù, wọ́n á wá bèèrè àyè ìjókòó. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ ti ń bá mi rẹ́rìn-ín. Ẹ pa ẹ̀rín mọ́ díẹ̀, nítorí ẹni tí ẹ ń bá rẹ́rìn-ín yẹn, ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n.

Èmi àti Sẹ̀gilọlá ọmọ Bàbá Yàhàyá jọ wà ní kíláàsì kan ni, ògiri kan ló sì pín ilé wọn àti tiwa. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, sòbìà mú un. Kì í ṣe sòbìà kékeré o. Ọ̀kan yọ lọ́rùn ẹsẹ̀ òsì, òmíràn tẹ̀ lé e lọ́tùn-ún, wọ́n ń fi igi ìṣáná wé e díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Tí wọ́n bá so méjèèjì pọ̀, mo lè búra pé wọ́n á gùn dé Koussountou, wọ́n á ra èkuru jẹ níbẹ̀, wọ́n á tún padà wálé. Bẹ́ẹ̀ ọdún náà gan-an ni ọdún rẹ̀. Gbogbo Kambolé ló mọ ohun tí Bàbá Yàhàyá sọ: àká iṣu kan ṣoṣo lòun ní, ọmọ kan ṣoṣo ló sì lè gbé lọ sí lísè, ilé ìwé tó ga ju kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ, ní Sokodé. Tí Sẹ̀gilọlá bá yege, òun ni. Tí kò bá yege, ó kan àbúrò rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Ọmọbìnrin yìí kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà, ká má tíì sọ ilé ìwé. Ṣùgbọ́n àbúrò bàbá rẹ̀ kan wà tí wọ́n lé dé láti Nàìjíríà, tó gbé rédíò kan bọ̀, irú èyí tó ń gba kásẹ́ẹ̀tì, tó sì ń gba ohùn sílẹ̀. Sẹ̀gilọlá wò ó títí, ó ní, "Ẹsẹ̀ mi ò lè lọ, etí mi á lọ." Ó bẹ̀ mí pé kí n máa gbé rédíò náà lọ sórí tábìlì Mẹ̀síyè, olùkọ́ wa, láràárọ̀, kí n máa gbé e padà fóun. Bí rédíò ṣe wọ ilé ìwé nìyẹn. Nígbà tí Mẹ̀síyè bá pe orúkọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èmi ni mo máa ń ti ẹ̀yìn dáhùn ní ohùn obìnrin, kíláàsì á sì bú sẹ́rìn-ín débi pé àwòrán Ààrẹ tó wà lára ògiri fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wa, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ẹlẹ́rìn-ín.

Ẹ wo bó ṣe ń lo ẹ̀rọ náà. Á kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀kọ́ tán láìkọ nǹkan kan. Á pa á. Á wá fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kọ ohun tó yé e, kó tó tún un gbọ́ láti mọ ibi tóun ti ṣì í. Ẹ̀kọ́ tó bá ti parí, á ṣẹ́ ike kékeré tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì náà kúrò kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan mìíràn lé e. Ibi tí kò bá yé e, á fi ohùn bèèrè sínú kásẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀, èmi á gbé e lọ, Mẹ̀síyè á dá a lóhùn sínú ẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì orin kún ilé àbúrò bàbá rẹ̀ yẹn, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní bátìrì òun kò pọ̀ tó ti orin. Bátìrì tó bá sì ti ń kú, á sá a sóòrùn bí ẹní sá èlùbọ́, á tún jí. Nígbà tí a ṣe ìdánwò sáà kejì, bàbá rẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ gbé e wá, ó sì gba ipò kìíní. Mẹ̀síyè dìde, ó ní rédíò tó wá sí kíláàsì ló ṣe ipò kìíní, Àdìgún tó ń gbé e wá ló ṣe ìgbẹ̀yìn, nẹ́sipá. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí.

Ẹ jẹ́ kí n júwe Mẹ̀síyè Akíndélé fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ Tchamba ni, onígbàgbọ́, ó tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀, á wúkọ́ ẹ̀ẹ̀mejì, hẹ̀n, hẹ́n, gbogbo gbólóhùn rẹ̀ ló sì ń fi nẹ́sipá parí, èyí tí àwọn Faransé fi ń bèèrè pé ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo lè sín ohùn rẹ̀ jẹ débi pé ajá rẹ̀ a máa fi í sílẹ̀ wá ju ìrù sí mi.

Ìdánwò ku ọjọ́ mélòó kan. Mò ń gbé rédíò bọ̀ láti ilé ìwé, kásẹ́ẹ̀tì ìbéèrè wà nínú rẹ̀, Mẹ̀síyè sì ti dáhùn tán. Mo jókòó sábẹ́ igi mángòrò. Mo tẹ bọ́tìnnì pupa tó ń gba ohùn sílẹ̀. Mo wúkọ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Mo ní, "Sẹ̀gilọlá, wọ́n ti gbé ibi ìdánwò kúrò ní Tchamba. Sokodé lẹ ó ti ṣe é. Má lọ sí Tchamba, nẹ́sipá." Ohun tí mo gbèrò ni pé tó bá ku ọ̀la kí a ṣe ìdánwò, màá lọ bá a láàárọ̀, màá rí i bó ṣe ń di ẹrù Sokodé, màá rẹ́rìn-ín títí ìfun mi á fi já, màá wá sọ òótọ́ fún un. Àwàdà ni. Àbí kí ni ẹ fẹ́ kí n pè é?

Mo dé ilé wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ti múra ẹ̀rín. Ìyá rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá ti lọ láti àná. Ó ní ẹsẹ̀ òun kò lè sáré, òun á tètè lọ kóun má baà pẹ́. Ìyá náà ní kí Ọlọ́run san án fún Mẹ̀síyè tó tètè sọ fún wọn. Mo gbé ẹ̀rín mi mì. Ọkọ̀ Sokodé ṣì wà ní títì láàárọ̀ yẹn. Mẹ̀síyè wà ní ilé ìwé. Kí n kàn la ẹnu ni, ẹnu yìí tó ń jí òkú Bago. Mo pa á dé. Mo ń tan ara mi pé tó bá dé ọ̀hún, á bèèrè. Ta ló fẹ́ bi, nígbà tó jẹ́ pé olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló fi ohùn ẹnu sọ fún un?

Lọ́jọ́ ìdánwò ní Tchamba, Mẹ̀síyè dúró lẹ́nu géètì, ó ń nàgà wo ọ̀nà Kambolé. Ó bi mí léèrè ọ̀rẹ́ mi. Mo ní bóyá sòbìà ni. Wọ́n ti géètì. Ọ̀sán ti pọ́n kí Sẹ̀gilọlá tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ti Sokodé bọ̀, aṣọ tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rin fún ẹ̀jẹ̀. Ó ní wọ́n wo gbogbo orúkọ lọ́hùn-ún, wọn ò rí tòun. Mẹ̀síyè ní ta ló rán an lọ sí Sokodé. Ó wò ó, ó ní, "Ẹ̀yin ni, Mẹ̀síyè."

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun, wọ́n gbé rédíò náà sórí àpótí láàárín agbo ilé Bàbá Yàhàyá. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Hẹ̀n, hẹ́n. Ojú Mẹ̀síyè là sílẹ̀, kò lè pa á dé. Ó ní kí wọ́n tún un tẹ̀. Ó tún ní kí wọ́n tún un tẹ̀. Ó fọwọ́ kan ọ̀fun ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù síbẹ̀. Ó ní, "Ohùn mi ni. Ṣùgbọ́n n kò rántí." Àbúrò bàbá Sẹ̀gilọlá dáhùn pé ènìyàn ló ń gbàgbé, ẹ̀rọ kì í purọ́, gbogbo ilé sì mi orí. Ni Mẹ̀síyè bá yíjú sí mi, bí ẹni tí odò ń gbé lọ tó rí ẹ̀ka igi.

"Àdìgún, ìwọ lo gbé e wá gbé e lọ. Ǹjẹ́ o gbọ́ nígbà tí mo sọ ọ́?"

Ibí ni. Gbogbo èyí tí mo ti sọ bọ̀, àwàdà burúkú ni. Ibí ni mo ti pa ènìyàn. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mẹ̀síyè. Mo gbọ́."

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀ níwájú Bàbá Yàhàyá. Sẹ̀gilọlá ló ń sunkún bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde. Nígbà ayé tí a wà yẹn, kí ènìyàn sọ ìsọkúsọ nípa ìdánwò ìjọba kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Kí òjò tó dá, wọ́n ti gbé e lọ kọ́ ọmọ ní ìpẹ̀kun àríwá, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bu iyanrìn sínú ọbẹ̀. Àbúrò Sẹ̀gilọlá ló lọ sí lísè. Sẹ̀gilọlá fúnra rẹ̀ mú ọkọ́, ó ń gbin iṣu àti àgbàdo. Èmi náà fìdí rẹmi nínú ìdánwò ọ̀hún, tí ẹ bá ń bèèrè.

Oṣù tó kọjá ni Mẹ̀síyè kú ní Tchamba. Mo lọ síbi ìsìnkú, ẹ gbọ́ o, mo sì ti tún ohùn rẹ̀ ṣe lọ́fun kí n lè fi pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ lẹ́rìn-ín tí a bá jáde. Pásítọ̀ dìde. Ó ní olóògbé ní kí wọ́n bá òun tọrọ àforíjì ní gbangba lọ́wọ́ ọmọ Kambolé kan tí òun fi ẹnu ara òun dínà rẹ̀. Mẹ̀síyè gbé ẹ̀ṣẹ̀ mi wọ sàréè.

Mo gun zẹ́mì, alùpùpù akérò, lọ bá Sẹ̀gilọlá ní Kambolé. Iṣu ló ń bẹ. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀bẹ dúró lára iṣu. Kò bú mi. Ó kàn bi mí bóyá Mẹ̀síyè mọ̀ kó tó kú. Mo ní rárá. Ó nu ọwọ́, ó ní, "Dìde. Ìyàwó rẹ̀ ló yẹ kó gbọ́."

A jọ lọ sí Tchamba. Màmá Fọlákẹ́, ìyàwó Mẹ̀síyè, kò gbà mí gbọ́. Ó ní kí n má wá fi òkú ọkọ òun ṣe yẹ̀yẹ́, ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ́wọ́ fún òun. Ó ní láti ìgbà yẹn, ọkọ òun kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu rẹ̀ mọ́. Á sọ̀rọ̀ tán, á tún pe òun láti ilé ìdáná pé, Fọlákẹ́, kí ni mo sọ lẹ́ẹ̀kan? Ẹ̀rí kan ṣoṣo ló kù mí kù. Mo wúkọ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Mo fi ohùn ọkọ rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ Sokodé yẹn fún un bí mo ṣe sọ ọ́ lábẹ́ mángòrò.

Sẹ̀gilọlá fi ìborùn bo ojú. Màmá Fọlákẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wo ẹnu mi. Ó ní:

"Fi ohùn yẹn sọ pé òun kọ́."

Kò yé mi.

"Sọ ọ́. Kò rí i sọ títí ó fi kú."

Mo ní, "Fọlákẹ́, èmi kọ́. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́, nẹ́sipá." Obìnrin náà ké igbe kan tí n kò ní fi àwàdà júwe. Lẹ́yìn náà ló ní n kò gbọdọ̀ fi ohùn ọkọ òun sọ̀rọ̀ mọ́ láyé.

Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ ń tẹ kọ̀ǹpútà ní Sokodé, tí tẹlifóònù wà lápò yín, ẹni tó lo ẹ̀rọ bó ṣe yẹ ni mo pa lára, nítorí ó gbà pé ẹni tó ń gbé e fún òun jẹ́ ènìyàn. Sẹ̀gilọlá kò tíì ní òun dárí jì mí. N kò tọ́ sí i. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín: tí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń bú Mẹ̀síyè Akíndélé ní Kambolé, ẹ sọ fún wọn pé Àdìgún ni. Ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́. Tí èmi bá sọ ọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín.