Àmì Tí Fulcran Kò Rí

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìròyìn náà kàn mí. Mo ń gé búrẹ́dì lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Zélie ló ń pè, ìyàwó Fulcran ọ̀rẹ́ mi tó ti dolóògbé. Ó ní, "Urbain, ṣé o ti gbọ́? Wọ́n á da ọ̀dà tuntun sí títì òkè Fagette lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Jọ̀ọ́, wá fi mọ́tò gbé mi débẹ̀ kí wọ́n tó bò ó mọ́lẹ̀. Ó dọdún mọ́kànlá báyìí, mi ò tíì fojú kan àmì yẹn rí. Mo fẹ́ wo nǹkan tí ọkọ mi rí tó fi kọ̀ tí kò rọra." Mo ní, "Mo gbọ́, ìyàwó wa." Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì dúró síbẹ̀, n kò mọ̀ bóyá ebi ń pa mí tàbí mo ti jẹun. Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ wa, òtítọ́ ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń kan ilẹ̀kùn, n kò sì rí ibòmíràn sá gbà. Fulcran kò ṣẹ̀. Èmi Urbain Chastang, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ni mo ṣẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbọ́ mi dópin.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dé lẹ́yìn, òwe lásán ni Fulcran jẹ́ fún yín. Lọ́dọọdún tí òtútù bá ti lọ, tí a bá ń múra ìrìn àkọ́kọ́, alága á ní, "Ẹ sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ o. Ẹ má ṣe bíi Fulcran." Ẹ̀yin a rẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run foríjì mí. Lọ́dún kan Zélie wà níbẹ̀, ó ń gé kéèkì fún wa. Mo rí ọ̀bẹ tó dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún gé e lọ.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó mọ Fulcran mọ̀ pé orí ìgòkè ló ti ń ṣe ariwo. Á máa kọrin, á máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀. "Urbain, ìgbín kan kọjá níbí, ó ní kí n bá òun kí ẹ!" Ṣùgbọ́n bí a bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, ẹnu rẹ̀ á pa mọ́, á di bíréèkì mú bí ẹni tó di ẹyin mú. Òun la máa ń dúró dè nísàlẹ̀ òkè.

Ẹgbẹ́ wa kì í gun títì tí ọkọ̀ ńlá ń gbà. Àwọn títì tí wọ́n fi funfun yà sórí máàpù nìkan ni tiwa, èyí tí koríko ń hù láàárín rẹ̀, tí màlúù ń wo ènìyàn láti ẹ̀yìn wáyà, tí o lè gùn láti àárọ̀ dọ́sàn-án kí o má pàdé ju ẹni tó ń pín lẹ́tà lọ. Ṣùgbọ́n títì tó dákẹ́ kì í kìlọ̀ fúnni. Bí nǹkan bá bà á jẹ́, kò sẹ́ni tó máa sọ fún ọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà wa fi ṣòfin pé ẹni tó bá yan ọ̀nà fún ọjọ́ Àìkú gbọ́dọ̀ fi kẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ gùn ún tán lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Yóò máa fi ọ̀dà ìyeyè ya àmì sílẹ̀: ọfà kan túmọ̀ sí ẹ máa bọ̀; ọfà méjì tí ìlà dábùú wọn túmọ̀ sí ẹ rọra, ewu ń bẹ níwájú. Lẹ́yìn náà yóò kọ ọ̀rọ̀ kan síwájú orúkọ títì kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ẹgbẹ́: *vu*. Lẹ́tà méjì péré. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, ojú mi ló rí i. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó bi ẹnì kan rí pé ṣé lóòótọ́ ni.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ikú Fulcran, èmi ni mo yan ọ̀nà, oòrùn sì mú gan-an. Mo ti gun òkè mẹ́ta kí n tó dé orí Fagette. Ìsọ̀kalẹ̀ kan ṣoṣo ló kù, kìlómítà mẹ́fà, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ̀ ọ́, mo gbọ́dọ̀ tún un gùn padà kí n tó lè délé. Mo jókòó síwájú ilé oúnjẹ tó wà lórí òkè. Wọ́n gbé sọ́séèjì àti ẹ̀wà wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé wá, pẹ̀lú wáìnì pupa. Mo ti gba ìsọ̀kalẹ̀ náà bí ìgbà ọgọ́rùn-ún. Mo fa bírò yọ, mo kọ *vu*. Ibi tí orí mi ti ń dàrú nìyí. Ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ títì kan gòkè wá láti ìsàlẹ̀, ọ̀dà dúdú ń rùn lára rẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ díẹ̀ kù lẹ́yìn rẹ̀, awakọ̀ juwọ́ sí mi, èmi náà juwọ́ sí i. Ṣé kí n tó kọ ọ̀rọ̀ náà ni, àbí lẹ́yìn tí mo kọ ọ́ tán? Bó bá jẹ́ ṣáájú ni, a jẹ́ pé mo mọ̀ pé wọ́n ti da òkúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn náà ni, a jẹ́ pé ọ̀lẹ lásán ni mí. Mo ti wá a títí láti ọdún mọ́kànlá. Lọ́jọ́ kan á dá mi lójú pé bírò ṣì wà lápò mi. Lọ́jọ́ kejì á dá mi lójú pé mo ti pa ìwé dé.

Àwa mẹ́sàn-án la jáde lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tí a dé orí Fagette, Fulcran ń nu òógùn, ó ní, "Báwo ni ìsàlẹ̀ yìí ṣe rí? O rí i lánàá?" Mo ní, "Mo rí i. Ó ń dán bí àwo." Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Bó o bá ti rí i, èmi náà ti rí i nìyẹn." Ó sì ṣáájú wa. Ọkùnrin tó máa ń di bíréèkì mú bí ẹyin tú ọwọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, nítorí pé mo ní ó ń dán.

Ní Kọ́ńà Àgbélébùú, láàárín ìsọ̀kalẹ̀ náà, òkúta wẹ́wẹ́ bo títì bí àgbàdo tí wọ́n sá sóòrùn. Fulcran ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri òkúta, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà lójú kejì títì. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Urbain, kí ló ṣẹlẹ̀?" Kò bá mi wí o. Ó ń béèrè lóòótọ́ ni, bí ẹni tó mọ̀ pé èmi ni mo máa mọ̀. Kí ọkọ̀ ilé ìwòsàn tó dé, ó ti lọ.

Wọ́n ní kí n gòkè padà díẹ̀ lọ dá ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ dúró. Agolo ọ̀dà wà nínú àpò kẹ̀kẹ́ mi. Mo fẹ́ sọ pé ọwọ́ mi ló ṣe é, pé n kò mọ̀gbà tó ṣe é. Irọ́ ni. Mo ya ọfà méjì, mo fa ìlà dábùú wọn. Nígbà tí mo rí i pé ó ń dán jù, mo bu eruku etí títì, mo wọ́n ọn lé e. Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú kì í rántí bu eruku lé ọ̀dà tútù.

Norbert, akọ̀wé ẹgbẹ́, gòkè wá bá mi. Ó wo ilẹ̀, ó wo ìka mi. Ó na aṣọ ìnujú rẹ̀ sí mi. "Nu ọwọ́ ẹ. Òkú ò lè padà wá, Urbain. Má jẹ́ ká sin èèyàn méjì." Kò sọ ọ́ mọ́ títí a fi sin òun náà ní oṣù Kejì tó kọjá. Ọlọ́pàá bi mí bóyá àmì wà. Mo ní ó wà, ó lọ wò ó, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Zélie bi mí lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ní, "Ṣé ó rí i?" Mo dáhùn pé, "Ó ní láti jẹ́ pé ó rí i, ìyàwó wa. Eré ló ń sá." Ẹ̀yin ènìyàn, nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ló burú jù. Mo gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún gba orúkọ ọkọ.

Lọ́jọ́bọ̀ mo gbé e dé Fagette. Ọ̀dà ìyeyè náà ti ṣá, ṣùgbọ́n ó ṣì hàn. Zélie bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka tọ ọfà kan láti ìdí dé orí. Ó ní, "Ó mà tóbi o. Báwo lèèyàn ò ṣe ní rí èyí?" Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti là. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe kọ ọ́ síbí, títí kan awakọ̀ tó juwọ́. N kò mọ ohun tí mo retí, bóyá ìgbájú, bóyá ẹkún. Ó nu eruku kúrò níka rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń bá òkú jà. Mi ò gbé òdòdó lọ síbojì yẹn rí kí n má bú u. 'Sáré-sáré, o rí nǹkan báyìí?' Bí mo ṣe máa ń kí i nìyẹn." Mo kúnlẹ̀ sórí títì. Ó ní, "Dìde. Má bẹ̀ mí lónìí, mi ò tíì mọ nǹkan tí màá wí. Lọ kọ ọ́ fáwọn tó ń fi orúkọ ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́."

Mo ti kọ ọ́ nìyí. Ẹ foríjì mí bí ó bá ṣeé ṣe. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ ṣáà dá orúkọ Fulcran padà fún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má kọ "mo rí i" síbi tí ojú yín kò dé. Ẹni tó gbà yín gbọ́ ló máa gba ibẹ̀ kọjá.

Àwọn òṣìṣẹ́ títì ti wá, wọ́n ti lọ, wọ́n sì fi òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ lójú títì bíi ti ìjọ́sí. Láàárọ̀ òní mo gbé ìgbálẹ̀ ẹ̀yìn ilé mi, mo gòkè Fagette, mo sì fẹsẹ̀ rìn sọ̀ kalẹ̀ dé Kọ́ńà Àgbélébùú. Mo gbá òkúta wẹ́wẹ́ kúrò níbẹ̀ láti etí títì kan dé èkejì, mo sì padà lọ sókè, mo tún un gbá.