Alímọ́tù Fẹ́ Túúbá, Wọ́n Ní Kó Máa Jagun

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ọmọ tó bá ń pariwo, ẹ fà á mọ́ra. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó dá ara, tó sì mọ ohun tó ń ṣe ara. Kí ìkẹ́ àti ọlà rẹ̀ máa bá Ànábì wa. Bíbẹ aláìsàn wò ni wáàsí òní dá lé. Ọ̀ranyàn ni láàrin wa, ẹ mọ̀ ọ́n. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé ẹnu tí a gbé lọ síbẹ̀ lè di ẹ̀ṣẹ̀ sí wa lọ́rùn. Ẹ máa bá mi bọ̀.

Obìnrin kan wà ní Ìwó, Alhaja Ráfátù. Kò sí aláìsàn tí kì í lọ kí. Ohùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọ yàrá, òun á wá tẹ̀lé e. Ó ní àbúrò kan, ọmọ ìyá rẹ̀, Alímọ́tù. Jẹjẹrẹ mú Alímọ́tù lọ́mú. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, dókítà kọ oògùn fún un, Ráfátù sọ oògùn di ogun.

"Jagunjagun!" Bó ṣe ń kí i láti ẹnu ọ̀nà nìyẹn. "Ojú ogun ńkọ́? Ṣé ọ̀tá ti ń sá?"

Abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì bá gbé wá, ọta ìbọn ni. Irun tó re dànù lórí Alímọ́tù, ọgbẹ́ akin ni. Àwọn aláìsàn tó kù á rẹ́rìn-ín, Ráfátù á rò pé ara wọn ń yá. Ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín. Ta ni nínú yín tí kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí?

Wàyí o, nǹkan kan wà lọ́kàn Alímọ́tù. Nígbà tí ara rẹ̀ le, ó purọ́ mọ́ Sẹ́nábù, ìyàwó ọmọ rẹ̀, pé oyún inú rẹ̀ kì í ṣe ti ọkọ rẹ̀. Kò rí nǹkan kan, kò gbọ́ nǹkan kan, inú ló kàn ń bí i sí ọmọbìnrin náà. Ọmọ rẹ̀ gbà á gbọ́. Sẹ́nábù di ẹrù, ó gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ tòun toyún. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹ̀ṣẹ̀ tó bá wà láàrin èèyàn sí èèyàn, ẹni tí a ṣẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ bẹ̀. Ìrun nàfílà òru nìkan ò lè pa á rẹ́. Alímọ́tù mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó di ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, ó di ọwọ́ Ráfátù mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi ránṣẹ́ sí Sẹ́nábù. Mo fẹ́ túúbá."

Ráfátù já ọwọ́ gbà. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù nínú ọmọ ìyá wọn. Létí rẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé ọmọ ogun ju ìbọn sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Túúbá ke? Ẹni tó ń palẹ̀ mọ́ ló ń túúbá! Jà ná. Tí o bá ṣẹ́gun tán, èmi àti ìwọ la ó jọ wọ mọ́tò lọ bá a."

"Ẹ̀gbọ́n mi, tí n ò bá wá..."

"Pa ẹnu ẹ mọ́! Ojo ò sí nínú ilé wa."

Láti ìgbà náà, bí nọ́ọ̀sì bá bi Alímọ́tù pé, "Màmá, ṣé ó ń dùn yín?" ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò.

"Kò dùn mí."

Ṣùgbọ́n ó ń fi eyín di ìbòrí rẹ̀ mú. Ráfátù rí i o. Ó ní akin ni.

Dókítà pe Ráfátù sí kọ̀rọ̀. "Ìyá, oògùn yìí ò ràn wọ́n mọ́. Èyí tí ìrora á fi dínkù la ó máa fún wọn. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ rí, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i."

"Dókítà, o fẹ́ ká sá lójú ogun?"

"Ìyá, mi ò rí ogun níbí. Obìnrin tó ń ṣàìsàn ni mo rí."

Ráfátù ká ìbòrí mọ́ èjìká, ó padà sídìí bẹ́ẹ̀dì. "Dókítà ní ò ń ṣe dáadáa," ló wí.

Alímọ́tù tún dárúkọ Sẹ́nábù, ohùn rẹ̀ ò jáde tán. Ráfátù ń ṣe àdúrà ìṣẹ́gun lé e lórí lọ́wọ́, kò dákẹ́ kó gbọ́. Alímọ́tù kú kí wọ́n tó pe ìrun Àlàásárì.

Wọ́n sin ín. Àwọn tó wá kí wọn ń wí pé, "Ó kúkú jà. Àìsàn ló borí rẹ̀." Sẹ́nábù gbọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó wá.

"Ìyá, ẹ kú àmúmọ́ra. Gbogbo wọn ní ó jà. Èmi ò bá ti ìjà wá. Ǹjẹ́ ó dárúkọ mi?"

Ráfátù wá irọ́ kan, kò rí. "Ó ní kí n ránṣẹ́ sí ẹ. Ó fẹ́ túúbá. Èmi ni mo ní kó máa jagun."

Sẹ́nábù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mo fẹ́ kó wò mí lójú kó sọ ọ́ ni. Ǹ bá sunkún, ǹ bá bú u díẹ̀, ǹ bá sì dárí jì í. Ta ni kí n wá bú báyìí, Ìyá? Ta ni kí n dárí jì?"

Ẹ dá a lóhùn, ẹ̀yin èèyàn.

Ẹ lo oògùn o, mi ò ní kí ẹ má lo oògùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó kú ò sá, ẹnikẹ́ni ò sì ṣẹ́gun rẹ̀. Ẹni tó ni ín ló pè é. Kí ló dé tí ẹ fi ń sọ ọ́ di ẹni tí kò jà tó? Tí ẹ bá wọlé tọ aláìsàn, ẹ tọrọ ìwẹ̀nùmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún un bí Ànábì ṣe kọ́ wa, kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ bi í pé kí ló fẹ́. Tó bá ní òun fẹ́ túúbá, ẹ sáré lọ pe ẹni tó fẹ́ bẹ̀. Màláíkà ikú ò ní dúró kí ẹ nájà pẹ̀lú òun.

Ọlọ́run Ọba, tọ́ wa sọ́nà. Àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, fún wọn ní àlàáfíà. Èyí tí o bá fẹ́ pè nínú wọn, jẹ́ kó rí ẹni tó fẹ́ bẹ̀ kó tó lọ. Àwa tí a ń lọ kí wọn, Ọlọ́run, fún wa ní etí. Àmín.