Bí Mo Ṣe Jókòó Sórí Àga Nínú Omi

Nígbà tí eyín mi ṣì pé lẹ́nu, bàbá mi ni káfíńtà tó ń kọ́lé orí omi ní Molutehin níbí. Ẹ gbọ́, inú ọkọ̀ kan náà ni gbogbo òṣìṣẹ́ máa ń wà. Bí wọ́n bá ń jà, ojú ara wọn ni wọ́n ń wò. Bàbá mi kì í gé òpó títí òṣùpá yóò fi yọ kíkún, tí omi á kún dé góńgó. Á ní, "Ẹni tí kò bá tíì rí ìbínú omi, kó má tíì tẹ́ ẹní."

Ẹ̀yin wá ńkọ́?

Nígbà tí òkun gba ilé mi, Bánjọ, bàbá yín, ní òun máa kọ́ òmíràn fún mi. Mo dúpẹ́. Àmọ́ àwọn tó ń kọ́ ọ dà? Ẹnjiníà wà l'Ákùúrẹ́. Ẹni tó ya àwòrán ilé wà n'Íbàdàn. Bánjọ wà l'Ékòó, ó ń pàṣẹ. Káfíńtà nìkan ni mo rí. Orí Wọ́sáàpù ni wọ́n ti ń ṣèpàdé, wọ́n sì fi èmi náà sí i. Mo ń fi ohùn gbàdúrà fún wọn láràárọ̀, mo ń kọrin sí i… Lọ́jọ́ kan, Bánjọ tì í pa. Ó wá ku àwọn ọ̀gá àti káfíńtà nìkan tó lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Èmi tí mo bí i o.

Àárọ̀, tí omi bá ti fà, ni káfíńtà máa ń ya fọ́tò, kí ṣòkòtò rẹ̀ má baà tutù. Ẹnjiníà wo fọ́tò, ó ní omi ò jìn, ó sọ ibi tí ilẹ̀ ilé máa wà. Káfíńtà fàlà sára òpó. Mo wo ìlà yẹn. Orí bẹ́ẹ̀dì mi ni omi máa bá mi!

Mo pe Bánjọ. Ó ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Gbogbo wa la ti rí fọ́tò."

Mo bá káfíńtà sọ ọ́. Ó ní, "Màmá, ohun tó wà nínú fóònù ni mò ń ṣe."

Ẹ̀rù bà mí, kí n má purọ́. Òkun ti lé mi lẹ́ẹ̀kan. Ṣé kí n tún máa sá ni?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí omi kún, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo wé gèlè. Mo ní kí káfíńtà kan pákó mọ́ ibi ìlà yẹn. Mo gbé àga lé e, mo jókòó. Omi bo orúnkún mi, ẹja wẹ́wẹ́ ń ta mí lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Ó yá, fọ́tò tòní nìyí. Pálọ̀ mi rèé. Fi ránṣẹ́ sí wọn."

Kí n tó sọ̀kalẹ̀, fóònù káfíńtà ti ń ké, ohùn wọn ló ń wọlé lórí Wọ́sáàpù. Ẹnjiníà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni màmá tó wà nínú omi yìí?"

Bánjọ ní, "Ìyá mi ni, sà."

Kílẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti ṣí ẹnu mi padà lórí Wọ́sáàpù, wọ́n sì gbé ilẹ̀ ilé ga.

Òun la jókòó sí yìí, ó gbẹ táútáú. Ṣùgbọ́n láyé bàbá mi, àwọn tó kọ́lé ló ń kọ́kọ́ jẹun nínú rẹ̀. Àwọn tiyín mọ iye ìṣó tó wà lára ilé yìí, kò sẹ́ni tó tíì sùn síbẹ̀ nínú wọn. Bánjọ ṣì ń bèèrè fọ́tò ilé yìí lọ́wọ́ mi… Ẹ bá mi sọ fún un pé mi ò ya fọ́tò mọ́. Tó bá fẹ́ rí ilé ìyá rẹ̀, kó wọkọ̀ wá.