Ehoro Kì Í Gba Ààwẹ̀

Mọ̀dínátù, ìyàwó mi, kú ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹrin ọdún tó kọjá. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí tí kò ti ibẹ̀ wá.

Alága wa, Olóyè Báyọ̀dé, ẹ̀yin tẹ́ ò jẹ́ kí ìpàdé wa di ìjà rí, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà tó jókòó níwájú, mo kí yín. Ìyá Testimony, tẹ́ ẹ ti ṣọ́ọ̀ṣì wá tòun ti aṣọ funfun, koríko ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì yín ló ń bọ́ ehoro wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo kí yín. Dókítà Fẹ́kọ́mi, dókítà ẹranko wa láti Pleasure, ọkàn mi ló dọ̀bálẹ̀, orúnkún ò gbà mọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú ehoro láti Ìṣẹ̀rí-Olófin títí dé Igando, mo kí yín.

Káfíńtà ni mí, mi ò kàwé. Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí, Wàsílátù àkọ́bí mi kọ ọ́, ó sì kà á sí mi létí títí mo fi há a sórí.

Èmi ni mo kan àgò ehoro fún ọ̀pọ̀ nínú yín, ẹ sì ń pè mí ní Bàbá Ehoro. Ṣùgbọ́n Mọ̀dínátù ló fẹ́ràn ehoro. Ó ra méjì, ó ní òun ò ní pa wọ́n jẹ, òun ò sì ní tà wọ́n. Ó sọ akọ, tó funfun báláú, ní Àlàájì; ó sọ abo ní Àlàájà. Àwọn aládùúgbò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ní ẹran ọbẹ̀ là ń sọ lórúkọ.

Nígbà tó di Rámàdáánì ọdún kan, Àlàájì kọ oúnjẹ. Ẹnu mi yìí ló sọ pé, “Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, Àlàájì ń gba ààwẹ̀ ni.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mọ̀dínátù nìkan ni kò rín. Ó ní, “Bàbá Wàsílátù, ta ló kọ́ ẹran yìí ní ààwẹ̀?” Lọ́jọ́ kejì, mo tú kápúsù tí mò ń lò fún ẹsẹ̀ tó ń dùn mí sínú omi rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó kú. Àìsàn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ mi ló parí rẹ̀.

Nígbà tí Àlàájà náà kọ oúnjẹ, ìyàwó mi ò bi mí léèrè mọ́. Ó gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, ó fi híjáàbù rẹ̀ bò ó, mo bá ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Dókítà àkọ́kọ́ tá a rí, adìyẹ ló mọ̀. Ó ní ká má fún un ní nǹkan kan jẹ di ọjọ́ kejì, kí òun lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Mọ̀dínátù gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ní, “Ẹni tó ní kí ehoro gba ààwẹ̀, kò yàtọ̀ sí ọkọ mi.” Mo tẹ̀ lé e jáde.

La bá dé Pleasure. Dókítà Fẹ́kọ́mi ò tíì fọwọ́ kan ẹran tó fi béèrè ìgbà tó jẹun kẹ́yìn, àti bí ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Ó la ẹnu rẹ̀ hàn wá: eyín inú ti gùn, ó ń gún un láhọ́n. Eyín ehoro kì í yé gùn. Koríko ló máa ń jẹ ẹ́ kúrú, búrẹ́dì la sì fi ń bọ́ tiwa. Ó tọ́jú eyín náà. Lọ́jọ́ kejì, Àlàájà jẹun.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni mo ń sọ fún yín láti ìgbà náà. Ẹni tó jìn sí kòtò, ará yòókù ló kọ́ lọ́gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí koríko pọ̀ ju gbogbo oúnjẹ lọ. Ẹ má fi etí gbé e. Ẹ má fún un ní oògùn èèyàn. Bó bá jí tí kò jẹun di ọ̀sán, ẹ má dúró de ọ̀la. Ṣé ẹ fẹ́ dá dókítà tó mọ ehoro mọ̀? Ẹ bi í bóyá kí ehoro febi sùn kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kí i, kẹ́ ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ yín.

Èyí tó kù yìí, mi ò jẹ́ kí Wàsílátù kọ ọ́.

Ẹnu tó ń kìlọ̀ fún gbogbo àdúgbò, kí ló ṣe nílé ara rẹ̀? Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ ọdún tó kọjá, Mọ̀dínátù ń ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wàsílátù pè, ó béèrè ìyá rẹ̀. Mo ní ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́fà tó ń tẹ̀ lé ìtúnu ló ń gbà. Mi ò bi obìnrin náà léèrè. Ọjọ́ mẹ́fà pé, ó di mẹ́jọ, mo ṣì ń sọ ọ́. Nígbà tá a gbé e dé ọsibítù, wọ́n bi mí pé ìgbà wo ló jẹun kẹ́yìn. Èmi Àmúsà, tí mo mọ ìgbà tí ehoro gbogbo yín jẹun, mi ò mọ ti ìyàwó mi. Wàsílátù, mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ rí. Mo tọrọ rẹ̀ níwájú gbogbo ayé.

Láràárọ̀, bí mo bá ti fọwọ́ kan abọ́ oúnjẹ, Àlàájà á yọjú, á wo ẹ̀yìn mi, bóyá ẹnìkan ń bọ̀. Èmi náà á wẹ̀yìn. Arúgbó méjì, a ó jọ máa wo ẹnu ọ̀nà.

Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Mi ò rí ìgbẹ́ ehoro mọ́ bóyá ó ti kéré, ẹni tí kò sì rí ìyẹn, kò yẹ kó máa ṣọ́ ehoro. Ìdí tí mo fi ń fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ nìyẹn.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí abọ́ oúnjẹ kún nílé yín kẹ́ ẹ má béèrè ẹni tó kọ̀ ọ́. Ẹni tí yóò bi yín léèrè kò ní ṣaájú yín lọ. Ẹ ṣé o, ẹ ṣé tẹ́ ẹ fara dà mí.

Wàsílátù, dìde, máa bọ̀. Apẹ̀rẹ̀ ìyá rẹ nìyí, híjáàbù rẹ̀ ló bò ó. Àlàájà wà nínú rẹ̀. Aago méje àárọ̀ yìí ló jẹun kẹ́yìn. Mo jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Ó dọwọ́ rẹ.