Rìsíìtì Mẹ́sàn-án Inú Náílọ́ọ̀nù

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹ jókòó. Ọ̀la ni dókítà máa la ikùn mi, kò sì bá mi ṣèlérí kankan. Mi ò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí dání lọ. Gbogbo Atikori ló mọ̀ mí sí Tísà Sùrájù tí í san owó-orí ṣáájú gbogbo ayé. Bí ọdún bá ti ń lọ sópin báyìí, èmi ni mo máa ń dìde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tí màá ki gègé bọ àpò àyà, tí màá máa wàásù pé kí ẹ tètè kó ìwé yín jọ, kí ẹ má dúró de ìparí oṣù kẹta tí èrò máa ń pọ̀. Lèmọ́ọ̀mù á ní kí ẹ fi mí ṣe àwòkọ́ṣe. Orí mi á wú. Àṣé ẹni tó tètè jí náà lè jẹ́ olè.

Ẹ̀gbọ́n mi Nimotalahi, tó ń yan ẹja ní Efire létí ọ̀sà, ló fi èéfín ogún ọdún kọ́ ilé yàrá mẹ́wàá sí Àgọ́-Ìwòyè, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń háyà. Kò kàwé. Ó ní, "Sùrájù, ojú rẹ ni mo fi ń kàwé. Máa bá mi tètè ṣe owó-orí lórí owó yàrá yẹn, kí ìjọba má bàa wá tì í pa." Mo sì ń tètè ṣe é. Oṣù kìíní kì í parí kí n tó kọ fọ́ọ̀mù, kí n sì fi owó rẹ̀ san án. Orúkọ ara mi ni mo ń kọ. Lọ́dún àkọ́kọ́ mo tan ara mi pé kó lè yá ni. Irọ́ ni. Ó wù mí kí wọ́n máa pè mí ní onílé. Fuad tó ń bá mi fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ bi mí bóyá Alhaja, ẹ̀gbọ́n mi, gbọ́ sí i. Mo ní ọmọ ìyá kan náà ni wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Mo ń gbé rìsíìtì fún ẹ̀gbọ́n mi, ó ń fi àdúrà gbà á.

Lọ́dún kẹsàn-án, ó ní òun fẹ́ fi ilé òun fún Shukurat ọmọ òun. Mo ní, ilé wo? Mo ní èmi ni mo nílé. Wọ́n pe ìpàdé sọ́dọ̀ Bàbá Àlímì, olórí ẹbí wa. Mi ò mú ìwé kankan dání, torí mo mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ á mú un wá. Ẹ wo bí ìkà ṣe gbọ́n tó. Ẹ̀gbọ́n mi tú náílọ́ọ̀nù kan sórí ẹní, rìsíìtì mẹ́sàn-án, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rí mi rèé. Sùrájù, kà á fún wọn."

Mo kà á. Mo ka orúkọ ara mi nígbà mẹ́sàn-án, ohùn mi ò gbọ̀n, àfi bí ìgbà tí mo ń pe orúkọ nínú kíláàsì. Bàbá Àlímì ní ẹni tó ń san owó-orí ilé ló nílé. Ẹ̀gbọ́n mi ò sunkún. Ó ń kó wọn padà sínú náílọ́ọ̀nù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Mo máa ń sá wọn sóòrùn lọ́dọọdún, kí ọ̀rinrin ọ̀sà má bàa bà wọ́n jẹ́." Ó di ọdún méjì báyìí, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ mìíràn.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ tètè múra owó-orí yín, ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun á bá yín múra rẹ̀, ẹ wo orúkọ tó kọ síbẹ̀ kí ẹ tó gbàdúrà fún un. Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí yín bí ẹ ṣe ṣílẹ̀kùn dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Lọ́yà ti kọ ọ́ pé ẹ̀yin lẹ ni ilé, mo ti buwọ́ lù ú, fọ́ọ̀mù ọdún tó ń bọ̀ náà sì ti wà nílẹ̀ lórúkọ yín. Ẹ foríjì mí. Ìwé náà rèé. Ẹ má jẹ́ kí n kà á fún yín. Ẹ gbé e fún Shukurat.