Òpin Tí Mo Sún Síwájú

Ẹ gbé aṣọ oyè yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ ní ìṣirò èmi Hikmat kò yẹ̀ rí, mo ti gbọ́. Ó yá, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ irú ẹni tí ẹ ń yìn. Dókítà ti sọ pé ẹ̀dọ̀ mi bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, mi ò sì ní gbé irọ́ yìí wọ sàréè.

Ẹ̀yin àgbà ilé iṣẹ́ mànàmáná yìí rántí ìgbà òtútù tí iná kú pátá ní gbogbo apá àríwá Tajikistan níbí. Wọ́n sọ fún yín pé Nigora ló ṣi ìṣirò ṣe. Irọ́ ni. Èmi ni.

Iṣẹ́ èmi àti Nigora ni láti ní kí kọ̀ǹpútà wá ẹrù tó pọ̀ jù lọ, ìyẹn iná táwọn èèyàn ń lò, tí wáyà wa lè gbé, láìrú ọ̀kankan nínú àwọn òfin tí a kọ fún un. Á máa fi kún ẹrù náà díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀nà á fi pin. Ibẹ̀ ni òpin. Tí ẹ bá kọjá ibẹ̀, fóltéèjì, agbára tó ń ti iná lọ nínú wáyà, kì í rọra lọ sílẹ̀; ṣe ló máa ń wó lulẹ̀. Lásìkò òtútù yẹn, gbogbo ilé ló ń fi iná mànàmáná lé òtútù, síbẹ̀ ọ̀gá wa, Qodirov, ti ṣèlérí fáwọn aláṣẹ pé ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tuntun máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú wọn.

Nigora ní, “Ẹ̀gbọ́n Hikmat, kọ̀ǹpútà ò gbà. Tí wọ́n bá tan ilé iṣẹ́ yẹn, a ti kọjá òpin.”

Qodirov bú sẹ́rìn-ín. “Hikmat, ṣé ọmọbìnrin yìí lọ̀gá ẹ ni? Wá òpin mìíràn fún mi, jàre.”

Mo sì wá a. Òfin kan wà tó sọ pé àwọn ẹ̀rọ amúnáwá náà ní ibi tí agbára wọn láti gbé fóltéèjì ró mọ. Mo yọ ọ́ kúrò. Lójú ẹsẹ̀ ni òpin sún síwájú.

Nigora rí i. “Ẹ̀gbọ́n! Ẹ ń ṣe bíi pé kò lè rẹ àwọn ẹ̀rọ yẹn!”

“Lọ mu tíì rẹ, ojo.” Mo rẹ́rìn-ín. Ẹnu yìí ló rẹ́rìn-ín!

Wọ́n gé rìbọ́ǹ, wọ́n pàtẹ́wọ́, ẹ̀rọ sìmẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Kí wọ́n tó jẹun tán, fóltéèjì wó, gbogbo ìlú ṣókùnkùn. Ìyá Nigora wà nílé, ẹ̀rọ tó ń lo iná ló ń bá a mí. Nígbà tí Nigora fi máa sáré la yìnyín dé ilé, màmá ti kú.

Mo wà lára àwọn tó fi èjìká gbé òkú náà. Láti itẹ́ òkú ni mo ti lọ bá ìgbìmọ̀ ìwádìí. Qodirov ti dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà: “Ìwọ tàbí òun. Òun ò sì sí níbí.” Mo wọlé, mo ní, “Nigora ló ṣe ìṣirò yẹn. Àìsàn ìyá rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ wà níbi iṣẹ́.” Ìyá tí mo pa ni mo tún fi purọ́ mọ́ ọmọ rẹ̀!

Wọ́n lé e. Ó sá lọ sí Rọ́ṣíà, ó ń fọ abọ́ níbẹ̀. Èmi, ẹ sọ mí di ọ̀gá. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ jókòó níwájú yìí, gbogbo yín lẹ mọ bí Nigora ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ sì panu mọ́. Ojú ò tì yín?

Mo pè é láìpẹ́ yìí, mo ní kó dárí jì mí. Ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n Hikmat, àdúgbò wa ń sọ pé èmi ni mo pa ìyá mi. Ẹ lọ sọ fún wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ má pè mí mọ́.”

Ẹ̀yin ọmọ tó ń gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ wa, tí ọ̀gá bá ní kí ẹ wá òpin mìíràn fún òun, ẹ kọ̀ fún un lójú ara rẹ̀. Kó lé yín tó bá fẹ́. Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ kan ilẹ̀kùn àdúgbò yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sọ fún wọn pé Nigora kò pa ìyá rẹ̀. Hikmat ló pa á.