Ohun Tí Dókítà Sọ Tí N Kò Sọ fún Ìyá Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bèèrè orúkọ mi. Tchaourou ni mo ń gbé. Bí mo bá ń kọjá, àwọn èèyàn á máa kí mi pé mo tọ́jú ìyá mi dójú ikú. Ìkíni yẹn ń dùn mí wọra. Mo ti rò pé n kò ní sọ ọ̀rọ̀ yìí láéláé, ṣùgbọ́n ó ti kan ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin báyìí, n kò sì lè dákẹ́ mọ́.

Oúnjẹ ló ń há màmá lọ́fun. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ń dáko ní Alafiarou, ní kí a ṣa kajú tán ná kí a tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Parakou. Nígbà tí a máa fi lọ, ọkọ̀ ìpolongo ìbò ti kún ojú ọ̀nà. Èmi nìkan ni mo bá màmá wọlé sọ́dọ̀ dókítà, torí èmi nìkan ni mo gbọ́ Faransé nínú wa.

Dókítà fi okùn rọ́bà tó ní kámẹ́rà lórí wo inú ọ̀fun màmá, ó mú díẹ̀ nínú ẹran ibẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Nígbà tí èsì dé, ó ní jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n a tètè dé. Ojú awọ ọ̀fun ló ṣì wà, kò tíì wọnú. Ó ní ní Kútọnu, wọ́n á kùn ún lóorun, wọ́n á fi irú okùn yẹn gba ẹnu rẹ̀ wọlé, wọ́n á sì bó o kúrò. Wọn ò ní la àyà rẹ̀ rárá.

Màmá yíjú sí mi. "Kí ló wí?"

Mo ní, "Egbò lásán ni, màmá. Ẹ má jẹ ata fúngbà díẹ̀, kí ẹ máa lo oògùn."

Màmá rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ dókítà mú. Mo wá sọ fún dókítà ní Faransé pé màmá fẹ́ bá àwọn ẹbí sọ ọ́ ná.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n so yìgì èmi àti ọkọ mi. Àwọn ìyá àgbà ilé rẹ̀ ti wá láti Sanson, wọ́n ń bi àwọn aládùúgbò wa bóyá àìsàn burúkú kan wà nínú ìdílé wa. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń wádìí níbí. Mo sọ fún ara mi pé bí wọ́n bá so yìgì tán, màá sọ fún màmá.

Wọ́n so ó. N kò sọ. Mo ní ìyàwó tuntun kì í sáré padà sílé bàbá rẹ̀, mo fi ìyẹn ṣe àwáwí. Nígbà tí iṣu tuntun dé, òkèlè iyán kan ṣoṣo kò lọ lọ́fun màmá mọ́. A padà lọ. Èmi ni dókítà ń wò, kò wo màmá. Ó ní ó ti wọnú, okùn yẹn ò lè mú un kúrò mọ́.

Màmá kú kí ààwẹ̀ tó wọlé. Títí ó fi kú ló ń ṣàdúrà fún mi pé èmi ni mo jẹ́ ẹnu òun lọ́dọ̀ dókítà.

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àwọn bàbá wa kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní kajú rẹ̀ ló pa ìyá rẹ̀. Ó dorí kodò. Mo jókòó síbẹ̀, èmi tí mo fetí ara mi gbọ́ pé a tètè dé. Láti ọjọ́ náà ló ti jẹ́ kí igbó bo oko kajú yẹn.

Báyìí, oúnjẹ ń há òun náà lọ́fun. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní ẹ̀san màmá ni. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ní Jímọ̀ tó kọjá, ó ní, "Ó dáa, màá lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa bá mi wọlé. O ò fi nǹkan kan pamọ́ fún màmá."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá sọ fún un kí a tó lọ, ẹ̀rù ń bà mí pé kò ní fẹ́ rí mi mọ́, kò sì ní lọ mọ́. Bí n kò bá sì sọ, màá jókòó sáàárín òun àti dókítà, yóò yíjú sí mi, yóò ní, "Kí ló wí?"